Ọdẹ́rìndé àti Ẹyẹ Irin Ìlú Àgékù

Ẹ fi ẹran yẹn sílẹ̀ lórí iná, kò tíì gbẹ. Òjò ti sé wa mọ́ inú ahéré yìí, kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tí yóò dá. Ẹ sún mọ́ mi, ẹ gbé etí yín wá. Èmi Ògúnkẹ́yẹ tí mo gbá ẹkùn létí tí ẹkùn bẹ̀ mí, èmi tí mo sùn sí ẹnu ihò òjòlá tí òjòlá lọ gba ibòmíràn wọlé, ìtàn tèmi pọ̀, ẹ sì ti gbọ́ wọn títí wọ́n fi sú yín. Ti òní kì í ṣe tèmi. Ti Ọdẹ́rìndé ọmọ Àwẹ̀ró ni, ọdẹ tó láyà jù ní gbogbo Òkè-Ìṣá. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín nínú yín, kó tètè rín in báyìí, nítorí iwájú kò dára.

Àbúrò kan ṣoṣo ni Ọdẹ́rìndé ní. Abíọ́nà ni orúkọ rẹ̀, nítorí ẹ̀bá ọ̀nà oko ni ìyá wọn bí i sí. Ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ń lọ ni òun náà ń lọ. Ní ọjọ́ tí à ń wí yìí, àwọn méjèèjì lé ìgalà kan títí dé Ọ̀gbun Àìdáhùn. Ẹ̀yin kò mọ ọ̀gbun náà, ẹ má sì gbàdúrà kí ẹ mọ̀ ọ́n. Bí ènìyàn bá ké sí inú rẹ̀, ohùn onítọ̀hún kì í padà. Òpó àpáta kan dá dúró láàárín rẹ̀, igi ìrókò kan tó ti wó láti ayé àwọn baba wa ni ó sì ṣe afárá láti etí ọ̀gbun dé orí òpó náà. Ìgalà gba orí igi kọjá, Abíọ́nà tẹ̀ lé e. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kan òkúta báyìí, ìgalà di èéfín. Ọwọ́ dúdú kan jáde láti ìsàlẹ̀ ọ̀gbun, ó di ìrókò náà mú, ó sì fà á wọlẹ̀ bí ẹni fa koríko.

Ọdẹ́rìndé wà ní etí níhìn-ín, Abíọ́nà wà lórí òpó lọ́hùn-ún. Ọdẹ́rìndé so okùn mọ́ ọfà, ó ta á. Ọfà náà dé àárín ọ̀nà, agbára rẹ̀ tán, ọwọ́ dúdú sì mú un. Ó ju òkò, ọwọ́ dúdú mú un. Ohunkóhun tí a bá jù sí ojú ọ̀gbun yẹn, tí kò ní agbára tirẹ̀ tí yóò fi máa lọ, ọ̀gbun ló ni ín.

Abíọ́nà ké láti orí òpó. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má da ara yín láàmú. Omi òjò wà nínú kòtò òkúta níbí, àwọn ẹyẹ sì ń yé ẹyin sí i. Mo lè dúró. Ẹ ṣáà padà wá.”

“Bí n kò bá padà wá mú ọ, kí ilẹ̀ má gbà mí!” ni Ọdẹ́rìndé dáhùn.

Ó sáré lọ sílé lọ sọ fún ìyá wọn. Àwẹ̀ró kò sunkún. Ó tú gèlè rẹ̀, ó tún un wé, ó ní, “Méjì ni mo bí, méjì ni mo fẹ́ rí. Lọ mú àbúrò rẹ wá fún mi.” Ọdẹ́rìndé wá tọ Olúọ́dẹ lọ, olórí àwọn ọdẹ. Olúọ́dẹ ronú títí, ó ní, “Ìlú kan wà lẹ́yìn Igbó Èémí, Ìlú Àgékù. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ẹyẹ irin tó ń fò, tí ènìyàn ń darí láti ilẹ̀. Irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ lè kọjá ọ̀gbun. Ṣùgbọ́n gbọ́ o, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.” Ọdẹ́rìndé ti dé ẹnu ọ̀nà kí Olúọ́dẹ tó parí òwe náà. Bí ó ti máa ń ṣe nìyẹn. Ó fẹ́ràn àbúrò rẹ̀ débi pé kò lè jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ parí.

Ó rìn títí ọ̀nà fi tán lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wọ Igbó Èémí, níbi tí àwọn igi ti ń mí bí ẹni tó sùn. Ó pàdé ebora kan tí ojú rẹ̀ wà ní orúnkún, wọ́n wọ̀yá ìjà, Ọdẹ́rìndé bu iyẹ̀pẹ̀ sí i lórúnkún, ebora náà sì ń táràrà kiri. Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Mo ní kí ẹ tètè rín in tán. Ó kọjá odò kan tí àwọn òkú ti ń fọ aṣọ. Kò kí wọn, wọn kò kí i.

Ní ibi tí igbó parí sí, iwin kan jókòó sójú ọ̀nà. Ìpàkọ́ ni ojú iwin yìí wà, tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ni ó kọ sí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ọmọ aráyé, kò sẹ́ni tó ń kọjá níbí láìjá àlọ́ mi. Kí ni ó ń lọ, tí ọ̀tún rẹ̀ jẹ́ ọ̀tún rẹ, tó ń bọ̀, tí ọ̀tún rẹ̀ di òsì rẹ?”

Ọdẹ́rìndé kò tilẹ̀ ronú. “Àlọ́ ọmọdé nìyí. Ohun tó bá kẹ̀yìn sí mi, ọ̀tún wa dọ́gba. Bó bá yí padà tó kọjú sí mi, ọ̀tún rẹ̀ ti bọ́ sí òsì mi.”

“Ẹnu rẹ mọ̀ ọ́n,” ni iwin wí. “Ọwọ́ rẹ ńkọ́?”

“Ọwọ́ ọdẹ ni! Ohun tí ẹnu mi bá ti mọ̀, ọwọ́ mi ti ṣe é tán.”

Iwin yẹ̀ fún un. Bí Ọdẹ́rìndé ti kọjá, ó gbọ́ tí nǹkan ń kán tó, tó, sórí ewé gbígbẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí i pé omijé ni ó ń bọ́ lójú iwin náà. Kò bi í pé kí ló dé. Ó ní òun kò ráyè.

Báyìí ni ó ṣe wọ Ìlú Àgékù. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ti rí hẹlikọ́pítà lójú sánmà, ẹ ti mọ irú ẹyẹ tí mò ń wí. Kékeré rẹ̀ ni, tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀. Kò ní ìyẹ́, abẹ̀bẹ̀ irin ni ó wà lórí rẹ̀, abẹ̀bẹ̀ náà a sì máa yí títí ojú kò fi ní í rí i mọ́. Ẹni tó ń darí rẹ̀ á dúró sílẹ̀, á di àpótí kan mú tí ọ̀pá kéékèèké méjì yọ lójú rẹ̀. Ibi tó bá ti ọ̀pá sí ni ẹyẹ ń gbà. Sánmà ìlú náà kún fún wọn.

Ṣùgbọ́n ohun tí Ọdẹ́rìndé kọ́kọ́ rí ni àwọn ènìyàn ibẹ̀. Kò sí ẹni tí nǹkan kò gé lára rẹ̀. Oníbodè kò ní ìka ní ọwọ́ kan. Obìnrin tó bu omi fún un mu, etí kan ni ó ní. Ọba ìlú, apá kan ni ó fi júwọ́ sí i láti orí ìtẹ́. Oníbodè gbé oúnjẹ fún un, ó sì jókòó tì í. “Àlejò, gbogbo wa la pé nígbà tí a wọ ìlú yìí. Ẹyẹ ńlá ni oníkálukú wa kọ́kọ́ mú. Bó o bá dé ọ̀dọ̀ Ìyá Alábẹ̀bẹ̀, kékeré ni kó o gbà.”

“Ẹ ṣeun, bàbá,” ni Ọdẹ́rìndé wí, ẹnu rẹ̀ kún. “Ṣùgbọ́n ẹ̀yin kì í ṣe ọdẹ.”

Oníbodè wo ọwọ́ ara rẹ̀. “Ọdẹ ni mí tẹ́lẹ̀,” ló sọ.

Ìyá Alábẹ̀bẹ̀ ni ó ń pín ẹyẹ fún gbogbo ẹni tó bá wá. Arúgbó ni, ìka rẹ̀ pé, etí rẹ̀ pé, ojú rẹ̀ méjèèjì ń tàn. Nínú gbogbo ìlú, òun nìkan ni nǹkan kan kò gé lára rẹ̀. Ọdẹ́rìndé rí i bẹ́ẹ̀, kò sì bèèrè ìdí.

“Ṣé o ti darí ọ̀kan rí?” ni ìyá náà bi í.

“Rárá, ìyá. Ṣùgbọ́n mo ti yìnbọn pa ẹfọ̀n níbi tó ti ń sáré bọ̀ wá kàn mí.”

“Ẹfọ̀n kì í fò.” Ìyá na ẹyẹ kan sí i, ẹyẹ náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. “Ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ nìyí. Wo abẹ̀bẹ̀ méjì tó gun ara wọn lórí rẹ̀. Ọ̀kan ń yí sí ọ̀tún, èkejì ń yí sí òsì, nítorí náà ara rẹ̀ kì í pòòyì. Bí ọwọ́ rẹ bá ṣì, yóò dúró dè ọ́. Bó bá já lulẹ̀, a ó pààrọ̀ abẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tán. Àìsàn kan ṣoṣo tó ní ni pé kò fẹ́ràn afẹ́fẹ́. Inú ilé ni wàá ti kọ́ ọ, òwúrọ̀ tí ewé kò mì ni wàá gbé e jáde.”

Ọdẹ́rìndé ń wo ẹ̀yìn ìyá náà. Ẹyẹ ńlá kan dúró níbẹ̀, ó ga dé àyà ènìyàn, abẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni ó wà lórí rẹ̀, ó gùn, ó ń kọ mànà. “Èyí ńkọ́?”

“Èyí kò dúró de ẹnikẹ́ni. Bó o bá fi ìka kan ọ̀pá rẹ̀ bíi pé eṣinṣin bà lé e, ó ti lọ. Kò bẹ̀rù afẹ́fẹ́, ó lè dojú dé kó máa fò. Abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ mú ju àdá lọ. Ẹni tó ti fi kékeré ṣeré fún ọdún pípẹ́ ló ni ín.”

“Kí ni ó lè gbé?”

“Ìdì okùn ńlá kan.”

“Kékeré ńkọ́?”

“Òwú.”

Ọdẹ́rìndé bú sẹ́rìn-ín. “Òwú! Ìyá, àbúrò mi wà lórí àpáta láàárín ọ̀gbun, ẹ ní kí n gbé òwú lọ fún un. Ṣé yóò fi rán ṣòkòtò ni?” Àwọn ará ìlú tó dúró síbẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n sì dákẹ́.

“Òwú yóò fa okùn tẹ́ẹ́rẹ́,” ni ìyá wí, kò bínú. “Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ yóò fa okùn ńlá. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Ṣé àbúrò rẹ ń rí omi mu?”

“Ó ń rí omi.”

“Ṣé ó ń rí nǹkan jẹ?”

“Ẹyin ẹyẹ.”

“Nígbà náà, kí ni ò ń bá sáré?”

Ohun tó wà lọ́kàn Ọdẹ́rìndé ni ìyá rẹ̀ tó ń tún gèlè wé, àti ojú tí àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò fi wò ó bí ó bá gbé ẹyẹ bíńtín wọ̀lú. Ó ní ńlá ni òun fẹ́. Ìyá Alábẹ̀bẹ̀ kò bá a jiyàn mọ́. Ó fi àpótí ìdarí lé e lọ́wọ́, ó ní, “Ọwọ́ òsì ni ó ń gbé e sókè tó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni ó ń tì í kiri.”

Ọdẹ́rìndé fajú ro. “Ọwọ́ òsì? Nílé wa, a kì í fi òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, a kì í fi júwe ilé baba ẹni. Bí ọ̀ràn ńlá bá dé, ẹ̀yìn ni à ń fà á sí. Òun ni yóò wá gbé àbúrò mi?”

“Ẹyẹ yìí kò mọ ilé yín,” ni ìyá náà fi dá a lóhùn.

Ó dán an wò lẹ́ẹ̀kan ní pápá wọn. Ó gbé e sókè, ẹyẹ náà kẹ̀yìn sí i, ó lọ síwájú, ó dúró, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó ní, “Ẹ rí i?” Ó di ẹyẹ rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, ó gba ọ̀nà ilé. Kò sí ẹnikẹ́ni tó sìn ín sọ́nà.

Nígbà tó dé etí Ọ̀gbun Àìdáhùn, afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Abíọ́nà rí i, ó dìde. Ọmọ náà ti rù, irun rẹ̀ ti kún, ṣùgbọ́n ó ń fò sókè bí ọmọ kékeré tí ìyá rẹ̀ ti ọjà dé. “Ẹ̀gbọ́n mi! Mo mọ̀ pé ẹ ó dé! Mo mọ̀!” Ayọ̀ mú kí omi bọ́ lójú Ọdẹ́rìndé. Ó so ìdì okùn mọ́ ẹsẹ̀ ẹyẹ, ó ní kí Abíọ́nà na ọwọ́ gbà á, kó so ó mọ́ ìwo òkúta tó wà lórí òpó náà. Ó gbé ẹyẹ sókè.

Ẹyẹ lọ, ó kẹ̀yìn sí i. Ọwọ́ dúdú jáde láti ìsàlẹ̀, kò bá a. Ó dé iwájú Abíọ́nà. Abíọ́nà na ọwọ́ méjèèjì. Afẹ́fẹ́ ọ̀gbun wá gbá ìrù ẹyẹ náà, ẹyẹ pòòyì, ó sì kọjú sí Ọdẹ́rìndé.

Ẹ dákẹ́ ná, ẹ jẹ́ kí n mí.

Láti ibi tí Ọdẹ́rìndé dúró sí, Abíọ́nà wà ní ọwọ́ òsì. Ọdẹ́rìndé fẹ́ kí ẹyẹ yà fún un, ó ti ọ̀pá sí ọ̀tún. Ẹyẹ lọ sí òsì, tààrà sí ọ̀dọ̀ ọmọ náà. Ọdẹ́rìndé mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹnu rẹ̀ mọ̀ ọ́n, ó ti já àlọ́ náà lójú iwin. Ọ̀nà kan ṣì kù. Bó bá fi òsì ti ọ̀pá kejì síwájú, ẹyẹ yóò gòkè, yóò fò ré Abíọ́nà lórí kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti dé, ọ̀ràn ńlá ti dé, ọwọ́ òsì rẹ̀ sì ṣe ohun tí a ti kọ́ ọ láti ìgbà ọmú. Ó fà sẹ́yìn. Ẹyẹ já wálẹ̀ lé ọmọ náà lọ́rùn.

Abíọ́nà kò ké. Ó jókòó bí ẹni tó rẹ̀, ó sì rọra dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹyẹ ta gìẹ́gìẹ́ lórí òkúta, ó ṣubú sínú ọ̀gbun tòun ti okùn. Ọdẹ́rìndé pe àbúrò rẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há. Kò sí ohun tó dá a lóhùn.

Ó fẹ́ bẹ́ sínú ọ̀gbun. Èmi ì bá jẹ́ òun, bóyá ǹ bá ti bẹ́, pẹ̀lú gbogbo ẹkùn tí mo gbá létí. Ṣùgbọ́n ó rántí pé ìyá rẹ̀ ní méjì ni òun fẹ́ rí. Ó rántí pé ọdẹ kì í kú kí ẹgbẹ́ má sin ín. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé, wọn kò rí oògùn àbámọ̀ ṣe. Ó yí padà, ó gba ọ̀nà Ìlú Àgékù. Iwin ojú ọ̀nà kò pa àlọ́ kankan fún un, ó ṣáà yẹ̀.

Oníbodè wo ọwọ́ rẹ̀ bó ti ń bọ̀. “Ìka rẹ pé.”

“Ó pé, bàbá.”

“Á à. Ìwọ lo wá pàdánù jù nínú gbogbo wa.”

Ìyá Alábẹ̀bẹ̀ kò bi í ní nǹkan kan. Ó gbé ẹyẹ kékeré sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn kan fún un kí afẹ́fẹ́ má bàa wọlé. Ibẹ̀ ni Ọdẹ́rìndé ti di akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí ọwọ́ òsì rẹ̀ kò gbọ́ràn, ó so ọ̀tún mọ́ ẹ̀yìn, ó ń fi òsì jẹun, ó ń fi òsì gba omi lọ́wọ́ arúgbó. Nígbà tó fi òsì kí ọba, ọba fi apá kan tó kù fún un dá a lóhùn. Ó ń jẹ́ kí ẹyẹ kọjú sí i, ó ń ṣì í, ẹyẹ ń lu ògiri, wọ́n ń pààrọ̀ abẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Ẹyẹ kékeré náà dúró dè é, gẹ́gẹ́ bí ìyá náà ti wí. Àwọn ọjọ́ kan wà tó jókòó sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn yẹn tó ń sunkún nítorí ẹyẹ náà rọrùn. Nígbà tó yá, ọwọ́ rẹ̀ kò bi ẹnu léèrè mọ́.

Ó padà sí ọ̀gbun. Ó jókòó dúró kí afẹ́fẹ́ rọlẹ̀, títí di òwúrọ̀ kan tí ewé kò mì. Kò sí ẹni tí yóò so okùn fún un lọ́hùn-ún mọ́, nítorí náà ẹyẹ gbọ́dọ̀ lọ, kó fi òwú yí ìwo òkúta náà po, kó sì tún bọ̀. Ẹyẹ lọ, ó kẹ̀yìn sí i. Ó yí ìwo òkúta po. Ó kọjú sí i, ó ń bọ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò sì ṣì. Ọwọ́ dúdú jáde láti ìsàlẹ̀, ó fi ìka kan òwú náà, ó rò pé ti aláǹtakùn ni, ó fi í sílẹ̀. Òwú fa okùn tẹ́ẹ́rẹ́, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ fa okùn ńlá, Ọdẹ́rìndé so orí rẹ̀ méjèèjì mọ́ igi, ó sì rọ̀ mọ́ ọn kọjá, ọwọ́ dúdú kò sì jáde mọ́. Kò ṣòro. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí, kò ṣòro rárá.

Ọyẹ́ ti mú Abíọ́nà gbẹ bí ẹran tí a yan gbẹ. Omi ṣì wà nínú kòtò òkúta náà. Ẹyin ẹyẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tò wọ́n sórí ewé, kò tíì jẹ wọ́n. Ọdẹ́rìndé pọ̀n ọ́n sẹ́yìn, ó fi okùn gbà á lọ́já. Ó fúyẹ́ débi pé lójú ọ̀nà, ó ń dúró láti fọwọ́ kan án kó mọ̀ bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

Àwẹ̀ró kò jẹ́ kí ẹlòmíràn wẹ̀ ẹ́. Ó gbé omi gbígbóná kalẹ̀, ó mú kànrìnkàn, ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀. Ọdẹ́rìndé kúnlẹ̀ sí apá kejì. Ìyá ń wẹ̀ ẹ́, kò gbójú sókè, ó ní, “Kí lo fi kọjá?”

“Òwú ni, ìyá mi. Ẹyẹ kékeré kan ló gbé òwú, òwú fa okùn.”

“Ẹyẹ kékeré yẹn, ìgbà wo lo rí i?”

Ọdẹ́rìndé ní, “Òun ni wọ́n kọ́kọ́ nà sí mi.”

Ọwọ́ ìyá náà dúró. Ó pẹ́ kó tó tún kànrìnkàn rì bọ omi.

“Gbé apá rẹ̀ sókè fún mi,” ló wí, “kí n lè wẹ abẹ́ rẹ̀.”

Ọdẹ́rìndé gbé e.